Túùbù lásán, túùbù olóje, tàbí túbúlẹ́ẹ̀sì: èwo ló yẹ VTT yín?

Ẹni tó bá ń gun VTT, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà gbágungbàgun, lójú ọ̀nà oko Kétu ní ilẹ̀ Benin, tàbí tó ń gba àárín òkúta lọ sí ẹ̀bá àwọn òkè Ṣábẹ, mọ ohun tí ojú táyà ń rí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí koríko gbẹ, tí dágunró sì da èso ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ sójú ọ̀nà, táyà lè jò nígbà àlọ, kó tún jò nígbà àbọ̀. Ibi tó bá ti jò sì lè jìnnà gan-an sí fọkanáísà tó súnmọ́ni jù. Abájọ tí àwọn tó ń gun VTT lọ́dọ̀ wa fi ń béèrè lemọ́lemọ́ bóyá kí wọ́n yọ túùbù dànù pátápátá, kí wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ wọn di túbúlẹ́ẹ̀sì fúnra wọn nínú ilé.

Èrò tèmi rèé kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Rímù ló ń pinnu. Bí rímù yín bá gbà á, tí ẹ sì ṣe tán láti máa bu oje tuntun (omi tó ń dí ihò láti inú táyà) sí i ní bíi oṣù méjì sí mẹ́ta, túbúlẹ́ẹ̀sì ló dára jù fún ọ̀nà ẹ̀gún àti òkúta. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ má yọ túùbù, oje ni kí ẹ bù sínú rẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé títì ọ̀dà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló ń gbà lójoojúmọ́, túùbù lásán tó o.

Bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́

Túùbù ni gbogbo wa bá láyé. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, òun ló gbé afẹ́fẹ́ dúró, táyà kàn bò ó lára ni. Bí ẹ̀gún bá ti gba ara táyà kọjá, ó parí. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí túùbù ń gbà jò tí kò kan ẹ̀gún rárá: bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì kọlu òkúta, òkúta á tẹ táyà mọ́ etí rímù, túùbù tó há sáàárín á sì lu ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú ibi tí ejò bu èèyàn jẹ. Nítorí èyí ni ẹni tó ń lo túùbù fi gbọ́dọ̀ fẹ́ táyà rẹ̀ kó le dáadáa, bíi bar 2 sí 2.5 (bar ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe le tó). Táyà tó le bẹ́ẹ̀ máa ń ta lórí òkúta, ó sì máa ń yọ̀ lórí iyanrìn, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ara rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀.

Túùbù olóje ni túùbù yẹn kan náà tí a bu oje adíhò sí nínú. Oje tí wọ́n ń ṣe fún túùbù, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Slime ń ṣe, máa ń ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ nínú. Bí ẹ̀gún bá lu túùbù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde á ti oje àti fọ́nrán sí ẹnu ihò, wọ́n á sì dí i.

Ní ti túbúlẹ́ẹ̀sì, táyà àti rímù fúnra wọn ló di afẹ́fẹ́ mú. Téèpù ló bo àwọn ihò sípóòkù inú rímù. Fáàfù tó ní rọ́bà nídìí ló dí ihò fáàfù. Etí táyà á lẹ̀ mọ́ etí rímù pinpin, oje funfun á sì máa yí káàkiri nínú. Oje rọ́bà gidi ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú omi àti àwọn èròjà wẹ́wẹ́. Ihò ẹ̀gún lásán kì í tó nǹkan fún un. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè má mọ̀ pé ẹ̀gún gún táyà òun títí yóò fi délé, tí yóò rí àmì tútù funfun lára rẹ̀. Ihò tó bá ti fẹ̀ ju mìlímítà 4 tàbí 5 lọ, tàbí tí ìgò ya táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, oje nìkan kì í sábà ká a.

Àwọn tó ń gun ọkọ̀ àti alùpùpù ti mọ táyà tí kò ní túùbù tipẹ́. Ní ti VTT, ilé iṣẹ́ Mavic ti ilẹ̀ Faransé ló gbé UST, ìlànà rímù àti táyà tí kò lo túùbù, jáde ní 1999. Rímù UST kò ní ihò sípóòkù nínú, nítorí náà kò nílò téèpù. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ni rímù oníhò tí a ń fi téèpù bò, òun la sì lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nílé.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Túùbù lásán | Túùbù olóje | Túbúlẹ́ẹ̀sì |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀gún kékeré | Á jò | Ó sábà máa ń dí | Ó máa ń dí kíákíá |
| Òkúta tó tẹ táyà mọ́ rímù | Ihò méjì | Ihò méjì, oje kì í sábà ká a | Kò sí túùbù tí yóò há |
| Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ | Bar 2 sí 2.5 | Bar 2 sí 2.5 | Bar 1.5 sí 2 |
| Rímù tó gbà á | Gbogbo rímù | Gbogbo rímù | Èyí tí wọ́n ṣe fún un |
| Ìtọ́jú | Kò sí | Díẹ̀ | Oje tuntun ní oṣù méjì sí mẹ́ta |
| Bó bá bàjẹ́ lọ́nà | Fọkanáísà èyíkéyìí | Fọkanáísà, ṣùgbọ́n á nu oje kúrò | Okùn rọ́bà tí à ń kì bọ ihò, tàbí kí a ti túùbù bọ̀ ọ́ |

Ẹ ó rí i pé mi ò fi bí wọ́n ṣe wúwo sí sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pariwo pé túbúlẹ́ẹ̀sì fúyẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó wò: túùbù ẹsẹ̀ 29 (ìwọ̀n ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní ínṣì) wọn bíi gíráàmù 200, oje tí a ó bù rọ́pò rẹ̀ á tó gíráàmù 110, téèpù àti fáàfù á fi bíi 20 kún un. Ohun tó kù kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ náwó. Ohun tó yẹ kó sún èèyàn dé ibẹ̀ ni ẹ̀gún, àti àǹfààní láti dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà lè rọ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ẹ yẹ rímù wò kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ yọ táyà àti túùbù, kí ẹ wo inú rímù. Bí irin ni, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí orí sípóòkù sì yọ síta nínú rẹ̀, ẹ gbàgbé túbúlẹ́ẹ̀sì. Irú rímù bẹ́ẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n pè ní VTT kìkì nítorí táyà rẹ̀ ní eyín. Ibi tí irin ti pàdé ara rẹ̀ máa ń jò, kò sì sí ibi tó tẹ́jú tí etí táyà yóò jókòó sí.

Rímù tó yẹ ni ti aluminíọ̀mù tó ní ògiri méjì, tí wọ́n kọ Tubeless Ready, TLR tàbí TR sí lára. Bí ẹ bá fi ìka wọ́ inú rẹ̀, ẹ ó kan gegele kékeré kan níwájú ibi tí etí táyà ń jókòó sí. Iṣẹ́ gegele yẹn ni láti di etí táyà mú kó má yọ̀ sínú bí kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ ò bá rí àkọlé, tí ẹ ò sì kan gegele, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ ṣiyèméjì.

Àwọn VTT tòkunbọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé láti Yúróòpù wà láàárín méjì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹsẹ̀ 26, rímù wọn dára, ó ní ògiri méjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe wọn kí túbúlẹ́ẹ̀sì tó wọ́pọ̀. Irú wọn lè gba afẹ́fẹ́ dúró bí ẹ bá fara balẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí táyà lè yẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, kí gbogbo afẹ́fẹ́ tú jáde nígbà tí ẹ wà lórí eré. Fún irú rímù bẹ́ẹ̀, túùbù olóje ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó lò.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nínú 57-622, 57 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 622 sì ni ìwọ̀n ibi tí ó ń jókòó sí lára rímù. Ẹsẹ̀ 26 ti VTT jẹ́ 559, ẹsẹ̀ 27.5 jẹ́ 584, ẹsẹ̀ 29 jẹ́ 622. Ẹsẹ̀ 28 ńlá ti kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa jẹ́ 635, kò sì bá 622 mu rárá bó ti wù kí wọ́n jọ ara wọn tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin fipá ti táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti rímù mu wọlé.

Táyà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un. Táyà lásán lè gba afẹ́fẹ́ lónìí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa la òógùn oje lọ́la.

Ohun tí ẹ ó ṣe nílé

Ẹ fọ inú rímù, kí ẹ fi alikóólù ilé oògùn nù ún títí tí òróró kankan ò fi ní sí níbẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Téèpù túbúlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò, kó fẹ̀ ju inú rímù lọ ní mìlímítà 2 sí 3 kó lè gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì ihò fáàfù, ẹ fà á le bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́ lọ, kí ìparí rẹ̀ gun orí ìbẹ̀rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Wúrúwúrú téèpù ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjò tí àwọn èèyàn ń dá táyà lẹ́bi fún. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ọ̀nà gba abẹ́ téèpù, á jáde ní ihò sípóòkù, ẹ ó máa wá ihò kiri lára táyà tí ihò kankan ò sí níbẹ̀.

Ọgbọ́n kan tó wúlò gan-an: lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ téèpù tán, ẹ fi túùbù àti táyà sí i, kí ẹ fẹ́ ẹ le, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Túùbù á tẹ téèpù mọ́ rímù, á sì tún etí táyà jókòó. Lọ́jọ́ kejì, etí kan ṣoṣo ni kí ẹ tú láti fa túùbù jáde. Iṣẹ́ á ku ìdajì.

Ẹ wá fi ìṣó gbígbóná lu téèpù ní ojú ihò fáàfù. Ọ̀bẹ máa ń jẹ́ kó ya. Ẹ ti fáàfù bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Lórí fáàfù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà ní Yúróòpù. Fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta ló wà lára ọ̀pọ̀ ohun èlò túbúlẹ́ẹ̀sì, ihò rẹ̀ nínú rímù sì jẹ́ bíi mìlímítà 6.5. Ẹnu kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fọkanáísà etí títì wa kò bá a mu, torí fáàfù alùpùpù àti ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ihò rímù yín bá tó mìlímítà 8.5, ẹ wá fáàfù túbúlẹ́ẹ̀sì ọlọ́mú ńlá bíi ti alùpùpù, fọkanáísà èyíkéyìí láti Pobẹ́ dé Kétu á lè fẹ́ ẹ fún yín. Bí Presta ni ẹ ní, ẹ ra ẹnu kékeré onídẹ tí à ń dè mọ́ ọn, kí ẹ má sì kúrò nílé láìmú un dání. Kékeré ni, òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn ti kẹ̀kẹ́ wálé.

Ẹ pa omi ọṣẹ sí etí táyà yíká, ẹ yọ ọkàn fáàfù (irin kékeré inú rẹ̀ tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́lé) kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kíá, kí ẹ wá fẹ́ ẹ. Pọ́ǹpù onílẹ̀ tó lágbára lè ṣe é bí etí kan bá ti jókòó tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ gbé e lọ sí ibi kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀. Ẹ ó gbọ́ kó dún pàà, pàà, bí etí táyà ṣe ń bọ́ sí ààyè rẹ̀. Ẹ máa wo gèéjì. Bar tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n kọ sára táyà àti rímù ni òpin, ẹ má sì kọjá èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù lè ju táyà kẹ̀kẹ́ nù kúrò lára rímù, ó sì lè ṣeni léṣe. Ẹ sọ fún fọkanáísà kó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ti jókòó yíká, ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ gbọn ìgò oje dáadáa, kí ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa oje gba ẹnu fáàfù wọlé: bíi mìlílítà 80 fún ẹsẹ̀ 26, 110 fún ẹsẹ̀ 29. Ẹ dá ọkàn fáàfù padà, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ wá gùn ún yíká àdúgbò. Ó lè jò díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Túùbù tí wọ́n là sí méjì ńkọ́?

Àwọn tí kò rí téèpù àti fáàfù rà máa ń ra túùbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé ẹsẹ̀ 20, wọ́n á nà án sórí rímù 26, wọ́n á là á láàárín yíká, wọ́n á wá gbé táyà lé e kí rọ́bà náà dí gbogbo ihò. Fáàfù túùbù yẹn náà ni wọ́n ń lò. Kò náni lówó, ó sì máa ń jẹ́ kí etí táyà fún mọ́ rímù. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n inú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá nílò láti yọ táyà nínú igbó kí ẹ ti túùbù bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì fi ohunkóhun kún agbára rímù tí kò ní gegele. Fún ẹni tó ń rọra gùn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó lè tó. Fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ṣábẹ, rárá.

Túùbù olóje, èyí tí mo rò pé ó bá ọ̀pọ̀ wa mu

Ẹ yan túùbù tí ọkàn fáàfù rẹ̀ ṣeé yọ. Gbogbo fáàfù ọlọ́mú ńlá ló rí bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ wa tó pọ̀ sì ń lo irú rẹ̀. Ẹ yọ ọkàn rẹ̀, ẹ bu oje sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ dá a padà, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yípo. Ó tán. Ẹ má jẹ́ kí fáàfù wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ táyà tàbí wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí oje má baà dí ẹnu fáàfù.

Kò ní jẹ́ kí ẹ dín afẹ́fẹ́ kù bíi túbúlẹ́ẹ̀sì, nítorí òkúta ṣì lè tẹ túùbù. Ṣùgbọ́n ó gba gbogbo rímù, ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ ju oje rọ́bà lọ, bó bá sì bàjẹ́ pátápátá, túùbù ni, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru iṣu tàbí epo láti oko Ìlárá wá sí ọjà Kétu, ohun tí mo máa ní kó ṣe nìyí, àní bí rímù rẹ̀ bá tilẹ̀ gba túbúlẹ́ẹ̀sì. Ẹrù fẹ́ táyà tó le, àǹfààní afẹ́fẹ́ kékeré ò sì sí fún un níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ń gbé àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà

Ní Àjàṣẹ́, ìgò àti ìṣó ló ń lu táyà ju ẹ̀gún lọ, ojú ọ̀nà sì tẹ́. Láàárín Wàǹdó àti etí ọ̀sà, fọkanáísà ò jìnnà síra. Ẹ fi owó yín ra táyà gidi tó nípọn.

Ní Kétu, ọ̀nà pupa ni, ẹ̀gún pọ̀, òkúta ò tó nǹkan. Túùbù olóje á gbè yín gan-an. Ẹni tó ní rímù TLR tí kò sì ru ẹrù lè ṣe túbúlẹ́ẹ̀sì.

Ṣábẹ ni mo ti ń gba túbúlẹ́ẹ̀sì nímọ̀ràn tọkàntọkàn. Òkúta tó mú àti ẹ̀gún pàdé níbẹ̀. Táyà bar 1.6 níwájú àti 1.8 lẹ́yìn máa ń dì mọ́ òkúta lọ́nà tí táyà oní-túùbù kò lè gbà ṣe é láìlu ihò méjì. Àmọ́ Ṣábẹ náà ni ọyẹ́ ti ń mú jù nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ooru àti ọyẹ́ sì ni ọ̀tá oje. Ìgò tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà sí lára ní ilẹ̀ olótùútù, ẹ má gbà á gbọ́ níbí. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù: ẹ gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sókè kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́bàá etí yín. Bí ẹ ò bá gbọ́ kí nǹkan mì nínú rẹ̀, oje ti gbẹ, ẹ̀gún tó kàn lè dá yín dúró sójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá ń lo túbúlẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ mú túùbù kan dání nígbà gbogbo, pẹ̀lú pọ́ǹpù, àti okùn rọ́bà tín-ínrín tí à ń kì bọ ihò ńlá. Èyí tí fọkanáísà ń kì bọ táyà ọkọ̀ ki jù fún kẹ̀kẹ́, ó lè fa ihò náà ya sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti túùbù, ẹ yọ fáàfù túbúlẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì fi aṣọ wọ́ inú táyà yíká kí ẹ tó ti túùbù bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀gún tí oje ti ń dí láti oṣù mélòó kan ṣì wà níbẹ̀, ẹnu wọn sì kọjú sínú.